Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù Tí Owó Yín Ò Fi Ní Rì Sómi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀kan bá mi níbi tí mo ti ń ta ẹja ní Sábó, ọ̀kan pè mí láti Iléṣà, ẹ̀kẹta ni àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó tán: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń bi èmi. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé lóòótọ́, kò sí ọ̀sà níbí, kò sí òkun, ṣùgbọ́n ẹja ni mò ń tà, mo sì ní ọkọ̀ méjì, ọ̀kan wà ní Ìgbókọ̀dá tí ọmọkùnrin kan ń bá mi wà, èkejì kékeré ni, àwọn apẹja ń lò ó ní Aṣéjire. Àlòkù ni mo ra méjèèjì. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ṣáájú wọn jẹ mí lówó gan-an, mo máa sọ ibi tí mo ti ṣìṣe nísàlẹ̀.

Ìṣòro àwa ará òkè ni pé bí a bá ti ń dé èbúté báyìí, ẹni tó ń tà á ti mọ̀ pé a kì í ṣe ará etí omi. Bí a ṣe ń di etí ọkọ̀ mú pinpin nígbà tí a bá ń wọ̀ ọ́ ló fi ń mọ̀, owó tó máa pè á sì yàtọ̀. Torí náà, bí ẹ ò bá mú nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ ṣáà mú èyí: ẹ ò gbọdọ̀ sanwó ọkọ̀ tí ẹ ò tíì jókòó sínú ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Lórí omi o. Kì í ṣe kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì nínú dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n ní "Ẹ ò rí i bó ṣe ń dún?"

1. Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹni tó fẹ́ máa da àwọ̀n ní Aṣéjire àti ẹni tó fẹ́ máa lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ létí òkun, ọkọ̀ wọn ò lè jọra láéláé.

- Omi dáàmù tó pa rọ́rọ́, tí kò níyọ̀: ọkọ̀ onípákó tó tó fíìtì 15 sí 18 pẹ̀lú àjẹ̀ ti tó. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì dandan, 8 HP tàbí 15 HP á gbé e (HP ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì).
- Ọ̀sà, odò ńlá, ẹrù, ẹja ríra: fáíbà (ọkọ̀ tí wọ́n fi òwú gíláàsì ṣe) tàbí pákó fíìtì 20 sókè, pẹ̀lú 40 HP.
- Kíkó èrò: ẹ má fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ni, òfin ẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ àlòkù tó bá sì máa kó èrò gbọ́dọ̀ dáa ju gbogbo ohun tí mo ń kọ síbí lọ.

Ẹ rántí pé omi tí wọ́n ń fà fún àwọn ará Ìbàdàn mu ni Aṣéjire, kì í ṣe ibi tí èèyàn á kàn gbé ọkọ̀ jù sí. Ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó dáàmù àti àwọn olórí apẹja ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí nípa dáàmù Ọ̀pá tó wà nínú ọgbà OAU. Ti yunifásítì nìyẹn, ẹ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò bá fún yín, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ohun kejì ni ẹni tó máa wà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gbé Ifẹ̀ àti Iléṣà ò ní wa ọkọ̀ yìí fúnra wa, a máa gbé e fún ẹnì kan ni, á máa fún wa lówó lọ́sẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn gbé ọ̀kadà fún ọmọ tó ń gùn ún. Ẹ wá ẹni yẹn kí ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ mú un dání lọ ra ọkọ̀ náà, torí òun lá máa gbọ́n omi ẹ̀, ojú ẹ̀ á sì rí ohun tí tiyín ò ní rí.

Ohun kẹta, owó. Tí ẹ bá ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta ni kí ẹ máa wá. Èyí tó ṣẹ́kù ni owó ọkọ̀ ẹrù, owó àtúnṣe, láífù jákẹ́ẹ̀tì, àtàwọn nǹkan tí ẹ́ńjìnnì á máa béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò tíì rí ọkọ̀ àlòkù kan tí kò béèrè.

2. Ibi tí ẹ ti máa rí i

Fún àwa ará Ifẹ̀, Ìgbókọ̀dá ló rọrùn jù: ẹ gba Oǹdó, ẹ dé Ọ̀rẹ̀, ẹ gba Òkìtìpupa, ẹ ti débẹ̀. Ìlàjẹ ni wọ́n, inú ọkọ̀ ni wọ́n dàgbà sí, àwọn fúnra wọn ló ń kan ọkọ̀, ọkọ̀ onípákó tó dáa kì í wọ́n níbẹ̀. Tó bá jẹ́ fáíbà lẹ fẹ́, ọ̀dọ̀ Èkó ló ti pọ̀ jù, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì.

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan láìmú owó lọ́wọ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ ra ẹja, ẹ jókòó ti àwọn atukọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló fẹ́ ta ọkọ̀. Ọkọ̀ tó dáa kì í sábà dé ọwọ́ alágbàtà, wọ́n ti máa ń tà á fún ara wọn.
2. Ẹ wá mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá pè fún yín. Àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà wa níbí mọ orí ẹ́ńjìnnì, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ tó wà nínú omi, gíá ẹ̀ àti bó ṣe ń fa omi tu ara ẹ̀, ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ san owó iṣẹ́ fún un, yálà ẹ rà á tàbí ẹ ò rà á.
3. Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ rí lórí fóònù, ẹ ní kí wọ́n fi mẹ́ta yìí ránṣẹ́: fídíò ìgbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tó ṣì tutù, fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀ láti inú, àti fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ní òun ò ráyè, ẹ máa bá tiyín lọ.
4. Ẹ má fi owó kankan ránṣẹ́ kí wọ́n bá yín "dì í mú". Wọ́n á ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Wàrí lọ́la, pé ó fẹ́ rà á. Kó máa bọ̀.

3. Ara ọkọ̀ fáíbà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ilẹ̀ ná

Ẹ ní kí wọ́n fà á jáde sórí iyanrìn, kí wọ́n kó ẹrù inú ẹ̀ kúrò, kí wọ́n gbọ́n omi inú ẹ̀ gbẹ. Ẹ lọ ní ọ̀sán tí oòrùn mú. Ẹ má yẹ ọkọ̀ wò nírọ̀lẹ́, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òjò bá ń rọ̀, omi òjò máa ń bo àṣírí mọ́lẹ̀.

1. Ẹ dúró níwájú ẹ̀, ẹ wò ó títí dé ẹ̀yìn, kí ẹ tún dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ṣé ó tọ́? Ọkọ̀ tó bá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ti kọlu nǹkan rí, tàbí wọ́n ti gbé e sílẹ̀ lórí òkúta fún ìgbà pípẹ́.

2. Ẹ wo ọ̀dà ẹ̀. Ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ béèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kan péré ni wọ́n kùn, ẹ̀gbẹ́ kan tàbí abẹ́ iwájú, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ jókòó tì.

3. Ẹ fi ìdí sirúù-dírífà kan gbogbo ara ẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àlàfo àárín ibi tí ẹ kàn àti ibi tí ẹ tún máa kàn má ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ibi tó dáa á dún kó kó kó, ó máa le. Ibi tí fáíbà ti ṣí kúrò lára ara wọn, tàbí tí pákó inú ẹ̀ ti jẹrà, á dún bù bù bí ìgbà tí èèyàn gbá páálí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ibẹ̀ ká. Tí ẹ bá kan ọkọ̀ tán tí ìlà ṣọ́ọ̀kì ti pọ̀ bí èyí tó wà lára bọ́ọ̀dù kíláàsì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ máa lọ.

4. Ẹ wọ inú ẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ wọnú, omi ti wọ ibẹ̀. Àwọn igi kan wà tí wọ́n fi fáíbà bò tó na láti iwájú dé ẹ̀yìn lábẹ́ ibi tí à ń tẹ̀, àwọn ni egungun ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti là tàbí tí wọ́n ti ṣí kúrò lára ìdí ọkọ̀, káfíńtà lásán ò lè tún un ṣe.

5. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ohun tó wú róbótó róbótó bí ìléròrò máa ń wà lára fáíbà tó ti pẹ́ nínú omi. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò burú. Tó bá ti bo gbogbo ìdí ọkọ̀, tí ẹ gún ọ̀kan tí omi tó jáde ń rùn kíkan bí ògì tó ti pẹ́ jù, owó àtúnṣe ẹ̀ á pọ̀.

6. Ìlà tín-ín-tín bí okùn aláǹtakùn, ojú ara lásán ni wọ́n sábà máa ń wà. Èyí tí èékánná yín bá wọnú ẹ̀, tàbí tí ẹ rí láti inú tí ẹ tún rí láti ìta lójú kan náà, ọkọ̀ ti là níbẹ̀ nìyẹn.

7. Pákó ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà, fáíbà fíìtì 22 ni, ọ̀dà búlúù ẹ̀ ń dán. Mo wo iwájú, mo wo inú, mo kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti wà lórí ẹ̀yìn, mo sì rò pé ibi tó bá lè gbé ẹ́ńjìnnì tó wúwo tó yẹn, ó ní láti le ni. Ó pé oṣù méjì, ọmọ tó ń wà á pè mí: "Màámi, ẹ́ńjìnnì ń mì o, bí mo bá fún un níná ó ń fà sẹ́yìn." Mo ní kó má tún jáde. Nígbà tí wọ́n tú u, fáíbà inú àti ti ìta nìkan ló kù, plywood tó wà láàárín wọn ti dúdú, ó ti rọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú jáde bí èérí ògì. Omi ti ń gba ihò bóòlùtù wọlé láti ọdún mélòó kan, ẹni tó tà á fún mi sì mọ̀, torí wọ́n ti fi nǹkan dí ojú ihò náà kí wọ́n tó kùn ún. Ohun tí mo ná lórí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi ra ọkọ̀. Owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí títí dòní. Èèyàn mẹ́ta ló ń wọ ọkọ̀ yẹn láràárọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ti já bọ́ láàárín ọ̀sà ńkọ́, tí omi ń wọlé láti ẹ̀yìn?

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè, ẹ di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ rọ́ ọ sókè sódò gidi, kí ẹlòmíràn máa wo pákó ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ mì. Tó bá ń tẹ̀, tí igun ẹ̀ ń là, tí omi ń sun jáde lára bóòlùtù, ẹ ti rí ìdáhùn. Tí kò bá mì, ẹ ṣì ní kí wọ́n tú bóòlùtù ìsàlẹ̀ kan, ẹ ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ihò ẹ̀. Igi gbígbẹ tó mọ́ ló yẹ kó tẹ̀lé irin náà jáde. Tó bá jẹ́ igi dúdú tó tutù, ẹ má rà á. Ẹni tó bá kọ̀ láti tú bóòlùtù kan ṣoṣo, ẹ má rà á lọ́wọ́ òun náà.

4. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ onípákó

Èyí rọrùn ju fáíbà lọ torí pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ pa irọ́. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un, pàápàá lápá ìsàlẹ̀, létí ibi tí pákó méjì ti pàdé, àti nídìí ìṣó. Ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ wọlé ju díẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ tó ti ń gbé inú omi oníyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Kòkòrò kan wà nínú omi yẹn tó ń wọ inú pákó, ihò tó gbà wọlé kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún á ti di bí afárá oyin. Tí ẹ bá rí ihò kéékèèké yẹn, tí ẹ kan pákó náà tó dún bù, ẹ má wo bí òkè ẹ̀ ṣe lẹ́wà tó.

- Ìṣó tó ti dípẹtà tí ipẹtà ń ṣàn wálẹ̀ lára pákó: ìṣó náà ti fẹ́ já.
- Òwú àti ọ̀dà tí wọ́n fi dí àárín pákó: ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, àbí ó ti ń jáde?
- Pákó tuntun mélòó ni wọ́n ti fi pààrọ̀? Ọ̀kan tàbí méjì kò burú rárá, ó fi hàn pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù tí ọkọ̀ onípákó tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ bá ń jò nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sómi. Pákó tó gbẹ máa ń fà sẹ́yìn, á sì tún wú padà tó bá mumi. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú omi di ọjọ́ kejì, kí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ láàárọ̀, ẹ wá wo iye tó wọlé láàárín wákàtí kan. Ìyẹn lẹ máa fi dá a lẹ́jọ́.

5. Ẹ́ńjìnnì

Ibí ni owó wà. Lójú tèmi, kí ara ọkọ̀ gbó díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì dáa sàn ju kí ara dán kí ẹ́ńjìnnì máa kú láàárín omi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀lé ara báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Ọkùnrin kan ti sọ fún mi rí lójú gbogbo èèyàn pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sílẹ̀ fún àwa ọkùnrin." Mo ní kó ṣí ìdérí ẹ̀. Owó mi ni mo fẹ́ fi rà á.

1. Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án. Ó gbọ́dọ̀ tutù. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé torí pé ó máa ń ṣòro tan tó bá tutù. Ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta.

2. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀ lára irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti ha á, tí wọ́n yọ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ọ́ sí kúrò, ẹ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Wọ́n ń jí ẹ́ńjìnnì gan-an lórí omi, Yamaha ni wọ́n sì ń jí jù torí òun lọjà ń fẹ́. Ẹni tó ra tí wọ́n jí, bí wọ́n bá mú un, òun àti olè lá jọ dáhùn.

3. Ẹ ṣí ìdérí. Iyọ̀ funfun tó dì mọ́ ara irin, ipẹtà tí wọ́n wọ́n ọ̀dà lé lórí, wáyà tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù so kiri, gbogbo wọn ló ń sọ bí wọ́n ṣe lò ó.

4. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Tí orí ẹ̀ bá ní àwọ̀ bí tíì tàbí bí gúgúrú tó yangbẹ díẹ̀, ó dáa. Dúdú tó tutù fún ọ́ìlì, wọ́n ń po epo ẹ̀ lódì tàbí kò jó dáadáa. Funfun báláú, ó ti ń gbóná jù.

5. Ẹ wọn kọ̀mpúréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ pọ̀ tó. Mẹkáníìkì yín gbọ́dọ̀ ní géèjì ẹ̀. Ohun tí ẹ ń wò ju iye tó kà lọ ni bóyá gbogbo sílíńdà kà bákan náà. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò yẹ kó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ọ̀kan bá ka 110 tí èkejì ka 85, rínǹgì tàbí sílíńdà ti ń lọ nìyẹn, bó ti wù kó dún dáadáa tó.

6. Ẹ tú ìṣó ìsàlẹ̀ gíá kí ọ́ìlì ẹ̀ kán díẹ̀ sórí ọwọ́ yín. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti ń wọ inú gíá. Tí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán nínú ẹ̀, gíá ti ń jẹ ara ẹ̀.

7. Ẹ yí pùrópẹ́là, abẹ̀bẹ̀ inú omi tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ẹ wò ó bóyá irin tó gbé e ti wọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, okùn àwọ̀n máa ń wé mọ́ ibẹ̀, òun ló máa ń ya rọ́bà tó ń dènà omi.

8. Ẹ wọn gígùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹsẹ̀ kúkúrú jẹ́ ínǹṣì 15, gígùn jẹ́ 20. Ó gbọ́dọ̀ bá gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ yín mu. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùrópẹ́là ló yẹ kó wà ní ìbámu pẹ̀lú ìdí ọkọ̀, tàbí kó lọ sísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀. Tó bá ga jù, pùrópẹ́là á máa gbá afẹ́fẹ́.

9. Wàyí o, ẹ tan án. Fífà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó yẹ kó ti jí. Ẹ wo ihò kékeré tí omi ti ń tú jáde bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, omi gbọ́dọ̀ ti máa tú jáde níbẹ̀, kó sì máa tú dáadáa láìdá. Tí omi ò bá jáde, ẹ ní kí wọ́n pa á kíá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnnì fún yín lórí ilẹ̀ gbígbẹ láìsí omi, rọ́bà tó ń fa omi á jóná níṣẹ̀ẹ́jú àáyá.

6. Wákàtí kan lórí omi

Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé iye èèyàn tàbí ẹrù tí ẹ máa máa gbé gangan, àpò iyanrìn tiẹ̀ dáa. Ọkọ̀ tó ṣófo, gbogbo wọn ló ń sáré.

- Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹ rọra lọ. Ẹ gbé gíá síwájú, sí àárín, sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ dún gàgàgà.
- Ẹ fún un níná tán fún ìṣẹ́jú bíi 10. Ṣé ó ń gbóná, ṣé ó ń kú, ṣé ohùn ẹ̀ ń yí padà?
- Ẹ ní kí ẹni tó ń wà á jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tó fi ń darí ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan níbi tí kò séwu, ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.
- Ẹ pa á láàárín omi, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ tún tan án. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ kì í jí mọ́ tó bá ti gbóná. Kí àjẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó dán èyí wò.
- Ẹ fa okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà pàjáwìrì. Ó gbọ́dọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀.
- Nígbà tí ẹ bá padà sétí, ẹ wo iye omi tó wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì tún wo ọ́ìlì gíá lẹ́ẹ̀kejì. Omi tí kò hàn nígbà tó tutù máa ń hàn nígbà tó bá ti ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ fi ohun tí ẹ rí pe owó yín wálẹ̀, ẹ kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: pùrópẹ́là ti ya, rọ́bà epo ti là, ibí méjì ń dún bù. Ẹni tó bá mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ á gbọ́.

7. Ìwé àti owó

1. Rísíìtì tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì, tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu. Tí kò bá sí rísíìtì, kí ẹni tó ń tà á lọ búra ní kóòtù, kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú àfídáfíìtì.
2. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ èbúté yẹn jẹ́rìí sí i. Tó bá ní òun ò mọ ẹni tó ń tà á rí, ó ti parí.
3. Ẹ kọ àdéhùn: orúkọ, fọ́tò ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ohun tó bá ẹ́ńjìnnì wá, iye owó, ọjọ́. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ yín.
4. Báǹkì ni kí ẹ gbà sanwó, sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn. "Ẹ san án sí ti ẹ̀gbọ́n mi," rárá.
5. Tí ẹ bá máa fi ṣòwò lórí omi, ẹ lọ bá NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi) fún ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò, tó bá sì jẹ́ omi Èkó, ẹ dé ọ̀dọ̀ LASWA (àjọ ọ̀nà omi ti ìjọba Èkó) náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rí, kí ẹ gba ìwé náà.

8. Gbígbé e wálé tàbí lọ sí dáàmù

Tí ọkọ̀ bá máa dúró síbi tí ẹ ti rà á, ẹ fò kọjá. Tó bá ń bọ̀ sí Aṣéjire, ẹ dúnàádúrà ọkọ̀ ẹrù kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ojú omi, torí owó yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ fi táyà àtijọ́ tẹ́ abẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó jókòó sórí irin. Ẹ dè é níwájú, láàárín, lẹ́yìn, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ibi tó bá yọ jáde. Ojú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ọkọ̀ tí wọn ò dè dáadáa á là kó tó débi tó ń lọ.

Ẹ tú ẹ́ńjìnnì kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fa epo inú ẹ̀ dànù, ẹ gbé e dúró gangan kí omi inú ẹ̀ ṣàn jáde tán. Tó bá di dandan kó dùbúlẹ̀, kí orí ẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, kí omi tó ṣẹ́kù nínú ẹsẹ̀ má bàa ṣàn wọ sílíńdà.

Tí owó ò bá tó, tàbí tí ọkàn yín ò bá balẹ̀

Ẹ lè ní kí káfíńtà Ìlàjẹ kan ara ọkọ̀ tuntun fún yín, kí ẹ wá ra ẹ́ńjìnnì nìkan ní àlòkù. Ohun tí èmi fúnra mi máa ṣe lónìí nìyẹn, torí ẹ́ńjìnnì ṣeé yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n pákó inú fáíbà lè fara pa mọ́ fún yín fún ọdún kan. Ẹ tún lè háyà ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta ná, kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń pa owó wọlé. Fún Aṣéjire, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ alájẹ̀. Ẹni tó bá lè fi àjẹ̀ rí ẹja, ẹ ra ẹ́ńjìnnì fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin mẹ́rin dá owó jọ ra ọkọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ta ni á máa tún un ṣe, ta ni á gba owó ọ̀sẹ̀. Mo ti rí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí ẹ́ńjìnnì 15 HP.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá ti di tiyín

Kó tó jáde rárá, ẹ pààrọ̀ nǹkan wọ̀nyí, bí wọ́n tilẹ̀ búra fún yín pé tuntun ni:

- rọ́bà tó ń fa omi
- ọ́ìlì gíá àti wọ́ṣà ìṣó ẹ̀
- púlọ́ọ̀gì
- rọ́bà epo àti fílítà

Tó bá jẹ́ two-stroke, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, ọ́ìlì tó wà fún ẹ́ńjìnnì ojú omi ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo lítà kan sí 50 lítà epo, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì epo kí ọmọ tó ń wà á má fojú díwọ̀n ẹ̀. Tó bá jẹ́ omi oníyọ̀ ló ń lò, kó máa fi omi kànga fọ inú ẹ́ńjìnnì nírọ̀lẹ́ kó tó lọ sílé, ìṣẹ́jú 10 ti tó. Láífù jákẹ́ẹ̀tì iye èèyàn tó ń wọ ọkọ̀, àjẹ̀ méjì, igbá tí wọ́n á fi máa gbọ́n omi, okùn gígùn àti ìdákọ̀ró, kí gbogbo wọn wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde. Èmi máa ń pe ọmọ tèmi ní Ìgbókọ̀dá ní aago méje ìrọ̀lẹ́, mo máa ń bi í pé ṣé ó ti wálé kí n tó bi í pé ẹja mélòó ló rà.